Gẹ̀ẹ́sì fún Ojú Ọjọ́ Tó Tuni Lára

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lórí rédíò lánàá: "balmy". Mo ti dàgbà, èmi nìkan ni mo sì wà nínú yàrá, síbẹ̀ ojú tì mí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, níléèwé wa ní Ìkòsí. Èmi ni Aunty tó ń kọ́ wa yàn pé kí n kí àlejò pàtàkì káàbọ̀ níwájú àwọn òbí. Láàárọ̀, nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, tí ara tu gbogbo wa, wọ́n kọ́ mi ní gbólóhùn kan: "The weather is balmy today, sir." Wọ́n ní ohun tí wọ́n ń pe irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Mo há a sórí.

Àlejò ò tètè dé. Nígbà tí wọ́n fi máa dé, oòrùn ti mú janjan, òórùn tòmátì jíjẹrà ń ti ọjà Mile 12 bọ̀, òógùn sì ti mú kọ́là mi rin gbingbin. Mo dìde, mo sọ gbólóhùn mi ketekete.

Àlejò ń fi pépà fẹ́ ara wọn. "Balmy kẹ̀? Nínú ooru yìí?"

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Aunty kàn ń wolẹ̀.

Ìyá mi, tó ti ọjà wá, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, dìde láàárín èrò, ó ń pàtẹ́wọ́ tagbára tagbára: "Ọmọ mi nìyẹn o!" Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu, kó gbé mi mì.

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìyá mi gbọ́ ẹ̀rín náà dáadáa. Ó ń pàtẹ́wọ́ kí n má baà gbọ́ ọ ni.