Sáìtì Irun Tí Mi Ò Gbọdọ̀ Rí

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí Ìyá Sofiyullah ti ń dirun ní Ìlọrà, mi ò sì tíì rí ẹyọ irun kan tó dì rí. Kì í ṣe pé ojú mi fọ́ o. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé sì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Híjáàbù ni obìnrin ń fi wọlé, híjáàbù náà ló ń fi jáde. Ohun tí ọkùnrin lè rí kò ju pé ẹni tó jáde ń rìn bí ẹni tí orí rẹ̀ fúyẹ́.

Haneefah ni orúkọ tí wọ́n sọ Ìyá Sofiyullah nílé. Iṣu ni bàbá rẹ̀ ń gbìn, etí oko bàbá rẹ̀ ló sì ti kọ́ irun dídì. Á fa koríko tu tòun ti gbòǹgbò, gbòǹgbò yẹn á di irun, á wá jókòó máa dì í ní kọjúsọ́kọ. "Orí tí kì í sunkún" ló ń pè é. Kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ tí ìyá rẹ̀ fi gbé orí ara rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù irun ńlá kan sí ojú títì. Fọ́tò kún ara ògiri wọn, ó tún kún orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọge bá ṣí lọ síbẹ̀. Ìyá Sofiyullah tó ń di orí mẹ́fà lóòjọ́ wá ń di mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ kan ti yọjú: Tahirah, ọmọ Awẹ́ kan tó ń gbé ní Àbújá, ń bọ̀ wá so yìgì nílé. Ó ń wá ẹni tí yóò di irun òun àti tàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́sàn-án. Ó ránṣẹ́ sí onídìrí mẹ́ta pé kí wọ́n fi sáìtì wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì han òun, òun á mú ẹnì kan lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ọjọ́ Ajé ni Ìyá Sofiyullah pè mí. Wòlíì ni bàbá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà tó wà lẹ́yìn ilé wọn, Ìyá Sofiyullah kì í sì í jẹ́ kí n gbàgbé.

"Ọmọ wòlíì, wọ́n ní o máa ń kọ́ ilé sínú fóònù."

"Sáìtì ni, mà. Mo lè ṣe é!" Inú mi ti dùn kó tó sọ̀rọ̀ tán. Fídíò ni mo wò tí mo fi kọ́ ọ, ti ìjọ bàbá mi nìkan ni mo sì tíì ṣe.

"Ṣe é dáadáa o. Bí ọmọ yìí ò bá mú mi, màá ti ìlẹ̀kùn yìí pa, màá lọ bá ẹ̀gbọ́n mi bó ẹ̀gẹ́ ní Akínmọ̀ọ́rìn." Ó ń nu òòyà bó ṣe ń sọ ọ́. Kò fi ṣeré rárá.

Wákàtí méjì péré, sáìtì ti dúró! Orúkọ wà níbẹ̀, nọ́ńbà wà níbẹ̀, àyè fọ́tò nìkan ló ṣófo. Mo bá wá fọ́tò irun mẹ́wàá tó ń dán lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo tò wọ́n síbẹ̀, mo sáré lọ fi hàn án.

Ó wo èyí àkọ́kọ́. "Ta ló di eléyìí?"

"Ṣebí irun ni, mà. Ká kàn fi kún àyè ni."

"Ọwọ́ rẹ̀ le. Wo bó ṣe fa etí irun ọmọ ọlọ́mọ, ojú rẹ̀ fẹ́ẹ̀ yọ. Ṣé èmi ni kí wọ́n máa sọ pé ó ṣe é? Ayọ̀délé, bí ẹ ṣe ń mọ ìkọ̀wé ara yín la ṣe ń mọ ọwọ́ ara wa. Yọ ọ́ kúrò."

Mo yọ ọ́. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí orí mi tún fi mú òmíràn wá: tíṣà Folúkẹ́! Òun nìkan ni oníbàárà rẹ̀ tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, gèlè ló ń wé dípò híjáàbù, ó sì gbà pé ká ya ẹ̀yìn orí òun. Àṣé irun tíṣà kò gùn ju ìdajì ìka lọ. Ìyá Sofiyullah wá ibi tí yóò dì mú títí.

"Tíṣà, onídìrí ni mí o, n kì í ṣe àgbẹ̀. Mi ò lè hu irun."

"Ẹ dì í bó ṣe mọ, Ìyá Sofi. Ọkọ mi fẹ́ mi bẹ́ẹ̀."

Tíṣà ní fọ́tò ọ̀hún jáde bí oko tí ewúrẹ́ jẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká má lò ó, kò sì jẹ́ kí n rí i. Mo ní ká ya ọmọdébìnrin kan dípò rẹ̀, Ìyá Sofiyullah ní ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe pátákó ìpolówó.

Ó wá di Ọjọ́bọ̀. Ìta ni mo jókòó sí, mo kẹ̀yìn sí kọ́tìnnì, mo ń wo àyè tó ṣófo nínú fóònù. Ummu-Salamah, ìyàwó kan tó gun ọ̀kadà láti Fìdítì, ló wà nínú ilé. Mo kàn bi í láti ìta:

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé wọn ò dirun ní Fìdítì ni?"

Ẹ̀rín sọ nínú ilé. "Màmá, ọkùnrin wo ló ń bèèrè irun mi?"

"Ọmọ wòlíì ni. Má dá a lóhùn."

"Ẹ jẹ́ n dá a lóhùn. Ó níbi tí mo dirun lẹ́ẹ̀kan, kí n tó délé, wọ́n ti gbé ẹ̀yìn orí mi sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi ló kọ́kọ́ rí i! Fóònù ò wọ ibí yìí. Kòlẹ́sẹ̀ tí màmá ń dì sì máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ híjáàbù. Kì í gún mi, mo sì ń fi sùn."

"Ẹ tún un sọ, mà!" Ọwọ́ mi ti ń sáré lórí fóònù.

Bá a ṣe rí ohun tí a kọ nìyẹn. Mo ya kọ́tìnnì, mo fi ṣe àwòrán iwájú. Mo kọ ọ̀rọ̀ Ummu-Salamah láìdárúkọ rẹ̀. Ìyá Sofiyullah wá ní, "Kọ ọ́ sókè pátápátá pé n kì í ya irun ẹnikẹ́ni."

Mo gbé ìka kúrò lórí fóònù. "Mà, àwọn méjì yòókù ní fọ́tò. Bó bá rò pé ẹ ò mọ irun dì ńkọ́?"

Òòyà dúró nínú ilé.

"Kó rò ó. Èmi ni wọ́n gbé orí fún, wọn ò gbé e fún aráyé. Kọ ọ́."

Mo kọ ọ́.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kí Jímọ̀ tán ni fóònù Ìyá Sofiyullah dún. Ó tẹ̀ ẹ́ kí èmi náà lè gbọ́.

"Ẹ káàsán mà. Tahirah ni. Mi ò rí fọ́tò kankan lórí sáìtì yín."

"Kò sí."

"Ẹ fi ẹyọ kan péré ránṣẹ́ sí èmi nìkan, ti oníbàárà yín kan. Mi ò ní fi han ẹnikẹ́ni."

Mo ń ṣẹ́jú sí i pé kó wá ọ̀kan fún un. Kò wò mí.

"Ọmọ mi, mi ò ní in. Bí mo bá tiẹ̀ ní in, mi ò ní fún ọ."

Mo gbọ́ tí Tahirah àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀.

"Ó dáa, mà. Ẹni tí ò fi orí ẹlòmíràn hàn mí kò ní fi tiwa han ẹlòmíràn. Orí mẹ́wàá ni wá. Ṣé ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀?"

"Bí Ọlọ́run bá fẹ́."

Èmi ni mo fò sókè! Òun rọra gbé fóònù kalẹ̀, ó ní kí n bá òun ké sí obìnrin kan tó mọ irun dì, torí orí mẹ́wàá kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ méjì. Kí n sì sọ fún onítọ̀hún pé ilé ni kó fi fóònù rẹ̀ sí.