Ẹni Tó Wúkọ́ Lábẹ́ Ilé Wa

Mò ń gún iyán lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan nígbà tí ìró odó yí padà. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá sọ ọmọ odó sílẹ̀, ìró rẹ̀ máa ń wúwo, á sì kú síbẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń gbá àpótí òfìfo. Màmá mi, tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, gbójú sókè.

"Ṣé odó yẹn ti sán ni?"

"Kò sán, màámi."

Mo gbé odó kúrò, mo kúnlẹ̀, mo fi etí lé sìmẹ́ńtì. Nǹkan kan ń dún nísàlẹ̀, kò, kò, kò. Ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan wúkọ́. Ọkùnrin ni. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ha ọ̀fun, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́ ilẹ̀ tí mo kúnlẹ̀ lé.

Mi ò sọ fún màmá mi. Mo kó iyán náà bó ṣe wà, pẹ̀lú kókó nínú, mo gbé e fún un. Ó jẹ ẹ́, ó ní ọwọ́ mi ti ń rọ.

Mi ò ní dárúkọ àdúgbò wa, torí àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ṣì ń rìn kiri, àwa náà sì ṣì ń gbé ibẹ̀. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹ̀yìn Iléṣà ni, níbi tí ìlú ti ń parí, tí oko kòkó ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣiṣẹ́ ìjọba l'Óṣogbo. A máa ń wọ bọ́ọ̀sì ní ìdájí, a máa ń dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú búrẹ́dì nínú ọ̀rá. Ilé wa kì í parí. Ẹni tó ti kan òrùlé ò tíì rẹ́ ògiri, ẹni tó ti rẹ́ ògiri ò tíì ní fèrèsé lápá kan. Yanrìn wà níwájú ilé gbogbo, ewúrẹ́ ń sùn lórí rẹ̀. A ò ní ọ̀dà lójú títì, ṣùgbọ́n a ní ẹgbẹ́ làńdílọ́ọ̀dù, a sì fẹ́ràn ìpàdé. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ náà.

Èmi náà ni mo kọ ìwé tó kó wa sí wàhálà. Àwọn kan tó ń wa góòlù wá láti apá Ìpẹ́rìndó, wọ́n ní àwọn fẹ́ lo ilẹ̀ òfìfo tó wà lẹ́yìn ilé wa. Gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìpàdé, títí kan ọ̀gá wọn tó ti hewú. Wọ́n ń pè wá ní baba, wọ́n ń pè wá ní ìyá. Àwa tí wọ́n ń jágbe mọ́ ní ọ́fíìsì láti òwúrọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, ìyẹn wọ̀ wá lára. Alága wa, bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè fẹ̀yìn tì, ní ká gbin pèrègún sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ náà, kí ààlà lè hàn. A gbìn ín. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé wọn ò gbọdọ̀ kọjá pèrègún. Mo kà á sókè, ìpàdé pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́nì kankan tó ronú kan ìsàlẹ̀. Lójú wa, ibi tí pèrègún bá dúró sí ni ilẹ̀ parí sí.

Ní ọjọ́ kejì tí mo gbọ́ ikọ́ náà, mo gbàyè níbi iṣẹ́, èmi àti alága lọ bá ọ̀gá wọn. Ó jáde lábẹ́ àtíbàbà, ó kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Alága ní, "Ẹ ti wọ abẹ́ ilé akọ̀wé wa."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, bàbá?"

Mo ní, "Mo gbọ́ tí ẹ wúkọ́."

Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Màmá, ẹ kúkú bá wa ra oògùn ikọ́."

Ọ̀gá wọn ò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí àwọn pèrègún wa, tí wọ́n ti yọ ewé tuntun. "Ṣé a fa ọ̀kankan tu? Ṣé ẹ rí ipa ẹsẹ̀ wa níwájú rẹ̀? Ohun tó wà nínú ìwé yín là ń ṣe. Òkè ni tiyín, màmá. A ò fọwọ́ kan òkè."

Lẹ́yìn náà ó tún dọ̀bálẹ̀ fún alága. Alága fọwọ́ kàn án léjìká. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ ṣé o," a sì padà sílé.

Àwọn ọlọ́pàá ní kí a lọ sí ọ́fíìsì kan, ọ́fíìsì náà ní ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀, ti Àbújá ni. Mo kọ lẹ́tà sí ìjọba. Lẹ́yìn oṣù kan, mo rí lẹ́tà náà l'Óṣogbo, nínú fáìlì lórí tábìlì ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Mo pa fáìlì náà dé. Mo mọ bí lẹ́tà ṣe ń sùn níbẹ̀. Èmi náà ti mú ọ̀pọ̀ sùn.

Nígbà tí òjò dé, ilé ìwẹ̀ ọkùnrin wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa rì wọlẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀ ni, táwẹ́lì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó dúró, ó ń wo ihò náà, ọṣẹ ṣì wà létí rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹgbẹ́ pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má gún iyán nínú ilé mọ́. A gbé odó gbogbo lọ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí àpáta wà. Àwa Ìjẹ̀ṣà, à ń tò sórí ìlà nítorí iyán! Ẹnì kan á ní, "Ìyá Ìbejì, iṣu mélòó lẹ fẹ́ gún? Ṣé ẹ̀ ń ṣèyàwó ni?" A máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í pẹ́. Ẹni tó bá gún tiẹ̀ tán á gbé e sórí, á sì máa fẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ rìn padà sílé.

Mo ní kí màmá mi padà sí abúlé. Ó kọ̀.

"Ìwọ lo mú mi wá síbí. O ní ilé rẹ ni màá kú sí. Àbí ilé ló fẹ́ kú ṣáájú mi?"

Ọ̀pá ló fi ń rìn. Bí ilẹ̀ bá lanu, kò lè sáré. Mo gbé ibùsùn rẹ̀ lọ sí pálọ̀, níbi tó jìnnà sí kíṣìnì, ìyẹn náà ni agbára mi mọ. Bí mo bá dé Òṣogbo, mi ò lè ka ìwé kan tán láìpè é.

"Màámi, ṣé ilé ṣì dúró?"

"Tó bá ti wó, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

Á pa fóònù. Lẹ́yìn wákàtí kan, màá tún pè é.

Ògiri kíṣìnì sán. Mo fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi tí ó sán dé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó ti kọjá àmì náà, mo sàmì mìíràn. Nígbà tí àmì di mẹ́rin, mo ṣíwọ́. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?

Àwọn tó ń wa góòlù ò lọ nítorí wa. A kàn jí lọ́jọ́ kan ni, a ò rí wọn mọ́. Wọ́n ní góòlù ibẹ̀ ti tán. Àwọn èèyàn kọrin ọpẹ́ ní ìpàdé, ṣùgbọ́n ihò ò bá wọn lọ. Òjò ọdún mìíràn ń bọ̀.

Ohun tó gbà wá kì í ṣe àánú ẹnikẹ́ni. Kọ́ńtírákítọ̀ kan tó ń la ọ̀nà nítòsí ń wá ibi tó máa da erùpẹ̀ àti òkúta sí, ibi tí wọ́n ń dà á sí tẹ́lẹ̀ sì jìnnà. Alága lọ bá a pé kó wá dà á sínú ihò wa. Ọkọ̀ tipa ń wọlé, ó ń jáde fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ti abẹ́ ilé mi ló kẹ́yìn. Wọ́n fọ́ sìmẹ́ńtì kíṣìnì, mo sì yọjú wo inú ihò náà. Ó ga tó èèyàn. Bàtà rọ́bà kan ṣoṣo wà nísàlẹ̀, ti ẹsẹ̀ òsì. Wọ́n da erùpẹ̀ àti òkúta sí i, wọ́n sì da kọnkéré lé e lórí.

Nígbà tó gan, ẹnjiníà obìnrin tó ń darí iṣẹ́ náà da omi sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó dúró, ó ń wò ó. Omi náà ò lọ síbì kankan.

"Ó ti kún, mà. Kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́. Ẹ lè wọlé."

Wọ́n kó irinṣẹ́ wọn, wọ́n lọ. Màmá mi ló kọ́kọ́ wọlé, ó fi ọ̀pá rẹ̀ wọ́nà, ó dé àárín kíṣìnì, ó yíjú padà.

"Kí lò ń ṣe níta? Wọlé wá dáná."

"Mò ń bọ̀, màámi."

Mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà, mi ò mọ ìdí tí mo fi bọ́ ọ. Mo gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Èkejì kọ̀. Mo dúró síbẹ̀ títí màmá mi fi dáná náà fúnra rẹ̀.