Kámẹ́rà tó mú Dádì

Ẹ gbà mí, ẹ̀rín fẹ́ pa mí!

Ọ̀la ni mò ń lọ gbafẹ́ ní Badagry, báàgì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbé. Lèmi àti Mọ́mì bá lọ wo kámẹ́rà kéékèèké l'Olodi-Apapa.

Méjì ló wù mí. Ọ̀kan wọ àpò ṣòkòtò mi. Èkejì nípọn díẹ̀, àmọ́ ó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra.

Mọ́mì gbé èkejì sójú, wọ́n dojú ẹ̀ kọ òdìkejì títì.

"Àbí dádì ẹ kọ́ nìyẹn? Kí ni wọ́n ń fi mínírà ṣe?"

Dádì tí dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ fẹnu kan ṣúgà! Mo gba kámẹ́rà, mo yà wọ́n kíá.

Mọ́mì ké sí wọn pé a ti yà wọ́n. Dádì fi ìgò pamọ́ sẹ́yìn, wọ́n sọdá wá bẹ̀ mí: "Jọ̀ọ́, pa fọ́tò yẹn rẹ́."

Mọ́mì ní, "Èyí la máa rà!"

Ẹ̀yin ará, ṣé kí n pa á rẹ́ àbí kí n gbé e síbí?