Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́rùn Mi

Ìjókòó alùpùpù ló ń rán. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú. Wọ́n á gbé máṣínì tí awọ ìjókòó rẹ̀ ti fàya wá, fóòmù á máa yọjú bí ìfun. Á tú u, á gé òmíràn, á rán awọ tuntun, á gbá ìṣó mọ́ ọn yí ká. Ìyá Oníjókòó ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gun alùpùpù. Ìrọ̀lẹ́ máa ń bá máṣínì àwọn oníbàárà níta ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbọ́dọ̀ kó wọn wọlé. Ó kọ́kọ́ ń tì wọ́n. Ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó bá yí kọ́kọ́rọ́. Láti ìta dé inú ṣọ́ọ̀bù. Láti ṣọ́ọ̀bù dé ẹnu títì. Láti ẹnu títì, ó jìn díẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan pàdé máṣínì ara rẹ̀ ní ìkóríta, Ìyá Oníjókòó lórí rẹ̀.

"Ìyá, ṣé alùpùpù mi kọ́ lẹ gùn yẹn?"

"Òun ni. Mò ń dán ìjókòó wò. Ó ti dáa. Ẹ máa bọ̀ wá gbé e."

Ẹ̀yìn alùpùpù ni ọkọ rẹ̀ máa ń gbé e sí, kó tó kú. Ọdún gbọọrọ ló fi jókòó sẹ́yìn. Nínú gbogbo ọ̀nà tí wọ́n jọ rìn, ẹ̀yìn ọkùnrin náà ló mọ̀ jù. Ṣẹ́ẹ̀tì. Ọrùn. Etí méjèèjì. Kì í ṣe pé ó bínú sí i. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó ra tiẹ̀, tó wo iwájú, tí kò rí ọrùn ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ó búra. Òun ò ní jókòó sẹ́yìn ẹnikẹ́ni mọ́ láyé.

Èyí tó rà ga. Òun fúnra rẹ̀ kúrú. Orí ìka ẹsẹ̀ ló fi ń kan ilẹ̀, bí ẹni tó ń yọ́ wọlé. Gbogbo ẹni kúkúrú tó wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ti gé fóòmù fún kí ẹsẹ̀ wọn lè tó ilẹ̀. Tiẹ̀ nìkan ni kò gé. "Mi ò lè jókòó bí ẹni tó wà nínú abọ́ ìfọṣọ," ló máa ń wí. Ká má purọ́. Ìgbéraga ni.

Ó wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun alùpùpù, ẹgbẹ́ náà kò tóbi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á di àgọ́ mọ́ ẹ̀yìn máṣínì, wọ́n á gun òkè ńlá dé ìdajì, wọ́n á sùn níbẹ̀, wọ́n á gun ìyókù lọ́jọ́ kejì. Dókítà eyín ni olórí wọn, ọkùnrin tó ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu aláìsàn. Ẹnì kan tó ń ṣe búrẹ́dì ni aláwàdà wọn. Àbúrò Ìyá Oníjókòó lọ́kùnrin ló ń wa ọkọ̀ akẹ́rù tẹ̀lé wọn, pẹ̀lú omi, ìkòkò àti táyà.

Wọ́n ní àṣà kan. Bí wọ́n bá dé ibi tí ọ̀nà ti pín, ẹni tó tẹ̀lé olórí á dúró síbẹ̀, á máa fọwọ́ júwe ọ̀nà fún àwọn tó ń bọ̀, títí ẹni tó kẹ́yìn á fi kọjá. Wọ́n sì ní òfin kan. Ẹni tó bá ṣubú á fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á wọ ọkọ̀ akẹ́rù. Òfin náà kì í ṣe ti ìkà. Ọkùnrin kan ti ṣubú rí, ó ní kò sí nǹkan, ó ń gùn ún lọ pẹ̀lú ọrùn ọwọ́ tó ti ṣẹ́. Ó tún ṣubú. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn, kò dìde bọ̀rọ̀. Gbogbo wọn ló nawọ́ sí òfin yẹn. Ìyá Oníjókòó nawọ́ méjèèjì.

Lọ́dún yìí, ìdí àṣà yẹn ló ti ṣubú. Òun ló tẹ̀lé olórí. Wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti pín, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó dúró, ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ ní apá ibi tí ilẹ̀ ti dà. Ẹsẹ̀ wá ilẹ̀. Ilẹ̀ ṣì jìnnà. Máṣínì rọra tẹ̀, bí màlúù tó fẹ́ sùn, ó sì da ìyá sínú òkúta wẹ́wẹ́.

Orí ìdùbúlẹ̀ níbẹ̀ ló ti ń fọwọ́ júwe fún àwọn tó ń bọ̀ pé apá ọ̀tún ni.

"Ẹ wo ìyá yìí!" Oníbúrẹ́dì kígbe. "Ìyá ṣubú, iṣẹ́ ò ṣubú!"

Níbi tí wọ́n dó sí, Dókítà ń tẹ apá rẹ̀ wò.

"Dókítà, ẹ fi apá mi sílẹ̀. Eyín ò sí níbẹ̀."

"Kò ṣẹ́, Màmá. Ẹ dúpẹ́. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá."

"Rárá."

Dókítà rò pé atẹ́gùn ni kò jẹ́ kóun gbọ́ dáadáa. "Màmá, òfin ni."

"Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tá a ṣe é. Ẹ ní ká nawọ́, mo nawọ́. Mo ti sọ ọwọ́ kalẹ̀ báyìí."

Àbúrò rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti tẹ́ nǹkan sórí ìjókòó iwájú fún yín. Ẹ wo ọjọ́ orí yín."

"Ìwọ tí mo pọ̀n? Ìwọ lo fẹ́ pọ̀n mí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, n ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn. Ohun táwọn àgbà wí nìyẹn. Wọn ò ní ká lọ wọ ọkọ̀ àbúrò ẹni."

Tíì tí Oníbúrẹ́dì ń mu gba imú rẹ̀ jáde. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí wọ́n bá yẹ òfin sílẹ̀ fún ẹnì kan, wọ́n ti yẹ ẹ́ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Òótọ́ ni. Ó ní bí Màmá bá gun máṣínì lọ́la, Màmá ò sí nínú ẹgbẹ́ mọ́. Ó ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́. Ọwọ́ gbogbo wọn lọ sókè. Ti Oníbúrẹ́dì dé ìdajì, ó yà lọ họ orí.

Ìyá Oníjókòó fa okùn kan yọ lábẹ́ aṣọ rẹ̀.

"Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn mi. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó wá bọ́ ọ."

Oòrùn ń wọ̀ lọ. Ó tú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó yọ ìjókòó kúrò lára máṣínì, ó fa ìṣó, ó ká awọ kúrò. Ó mú ọ̀bẹ. Ó wo fóòmù náà pẹ́. Oníbúrẹ́dì wá lóṣòó tì í.

"Ìyá, ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀ o."

"Tèmi ń gbẹ́ ẹ. Di ibẹ̀ mú."

Ó dì í mú. Ọ̀bẹ wọlé. Ó dùn ún, kì í ṣe apá. Gíga yẹn ló fẹ́ràn. Ibẹ̀ ló ti máa ń wo orí ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n òkè kò lẹ́bi, òfin kò lẹ́bi. Òun tó ń gé e fún gbogbo ayé tí kò gé tiẹ̀, òun ló lẹ́bi. Ó sì ń gé ẹ̀bi náà kúrò, pẹlẹbẹ kan lẹ́yìn òmíràn.

"Ẹ gé e kó dọ́gba," ni Oníbúrẹ́dì wí. "Iṣẹ́ mi nìyẹn, ojú mi wà níbẹ̀."

Lówùúrọ̀, ó jẹ́ kí wọ́n lọ ná. Kí ẹnikẹ́ni má wí pé ó já wọ ìlà wọn. Ó wá gbéra. Ọkọ̀ akẹ́rù àbúrò rẹ̀ ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, iná títàn, jẹ́jẹ́. Ó dúró, ó yíjú padà.

"Ṣé òkú lò ń sin ni? Kọjá!"

"Ẹ̀gbọ́n mi..."

"Kọjá!"

Ó kọjá. Ó ku òun àti òkè.

Ọ̀nà dìde dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jà. Jíà kìíní. Apá ń ro ó. Kọ́nà kan, kọ́nà mìíràn, àpáta lọ́tùn-ún, òfìfo lósì. Ní ibi tí ọ̀nà ti dà jù, ọkọ̀ agégẹdú kan yọ láti òkè, ó gba gbogbo ọ̀nà. Ìyá tẹ bíréèkì. Ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀.

Ilẹ̀ wà níbẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì. Gbogbo rẹ̀.

Awakọ̀ yọrí lójú fèrèsé. "Ìyá! Ẹ̀yin nìkan?"

"Ṣé ẹ rí ẹnì kan lẹ́yìn mi lórí máṣínì yìí?"

"Rárá."

"Iwájú mi ńkọ́?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Rárá o."

"Ẹ rí i. Ẹ yà fún mi."

Ó rọra yà mọ́ àpáta. Ìyá fi bíréèkì ẹ̀yìn di máṣínì mú, ó ń tú kíláàṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ́ńjìnnì kùn, táyà họ ilẹ̀, ó sì gùn ún lọ.

Nígbà tó dé orí òkè, wọ́n ti pàgọ́. Àbúrò rẹ̀ dìde, ó tún jókòó. Dókítà wá pàdé rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ṣùgbọ́n ohun tá a sọ lánàá ṣì dúró."

"Mo gbọ́. Mi ò sí nínú ẹgbẹ́."

"Ẹ ò sí níbẹ̀."

"Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ pàgọ́ síbi tí àpáta ti ń dá atẹ́gùn dúró. Àlejò ni mí báyìí, ó sì rẹ̀ mí díẹ̀. Ẹ sún àgọ́ yín."

Dókítà wò ó. Apá rẹ̀, akoto orí rẹ̀ tó ti bó, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó rọ mọ́ ilẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń fa èèkàn àgọ́ rẹ̀.

"Ẹ fún un lábẹ́rẹ́ kẹ́ ẹ tó fà á!" Oníbúrẹ́dì pariwo láti ìdí iná.

Èèkàn jáde. Àgọ́ sún.

"Ẹ tún sún un díẹ̀ sí i," ni Ìyá Oníjókòó wí.