Ọ̀rọ̀ Tó Kan Ìyá Aláyọ́ọ̀nù Láti Kọ́ni

Ìyá Aláyọ́ọ̀nù ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ilé ìfọṣọ tó wà lẹ́yìn ọsibítù ló ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ funfun àwọn dókítà ló máa ń lọ̀ láti àárọ̀, tí ooru áyọ́ọ̀nù á sì máa jó o lójú. Bí àwọn yòókù bá ń ṣẹ̀fẹ̀, á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á tún kọjú sí aṣọ. Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ ní kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé òun gan-an ni aláwàdà wọn, kí ibà tó mú àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin lọ.

Láti ìgbà náà, òun àti ọkọ rẹ̀, tó ń kun ilé kiri, kò fẹnu kan ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀hún mọ́. Bí àlejò bá bi wọ́n pé ọmọ mélòó ni wọ́n ní, "Mẹ́rin la bí" ni wọ́n máa ń fèsì. Wọn ò parọ́. Ẹni tó bí mẹ́rin ti bí mẹ́rin náà; ikú ò lè yọ ọ̀kan nínú ìyẹn.

Gẹ̀ẹ́sì tí kò gbọ́ ni wọ́n fi ń kọ iṣẹ́ tó máa ṣe sára àpò aṣọ ní ilé ìfọṣọ, ìyẹn ló gbé e dé kíláàsì àwọn àgbà lọ́sàn-án Sátidé. Tíṣà wọn kéré sí ọmọ rẹ̀ àgbà, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń ní kó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí mi o," ló wí fún wọn. "Ohun téèyàn bá fẹnu ara rẹ̀ kọ́ ẹlòmíì, kì í sábà kúrò lórí rẹ̀ mọ́."

Onígbàjámọ̀ kan tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì ti kọ́ wọn ní orúkọ ẹ̀yà ara. Nígbà tó kan Ìyá Aláyọ́ọ̀nù, "have" àti "had" ni Tíṣà fún un.

Ó dúró níwájú pátákó, ó rọra kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì. "Èyí tó wà lọ́wọ́ wa ni 'have'," ó ní. "Èyí tó ti bọ́ lọ́wọ́ wa ni 'had'. Ẹ fi ṣe gbólóhùn."

Onígbàjámọ̀ fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó pá. "I had hair." Ẹ̀rín sọ. Ó wá ní, "Ìyá wa, ẹ fi tiyín náà hàn wá. Ọmọ mélòó lẹ ní?"

Ìyá Aláyọ́ọ̀nù yíjú sí pátákó, ó kọ "I have", ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Tíṣà dìde láti ràn án lọ́wọ́. Obìnrin náà mi orí fún un. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ohun tó kọ, ó tún un kọ, ó sì kà á sókè: "I had four children. I have three."



"Ìyá wa, mi ò mọ̀," ni onígbàjámọ̀ wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"O ò ṣẹ̀ mí, ọmọ mi. Ìbéèrè tó yẹ kíláàsì lo béèrè." Ó gbọn ẹfun lọ́wọ́. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀." Wọ́n sì kọ ọ́.

Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀ ń fọ ọ̀dà kúrò lọ́wọ́ lẹ́yìnkùlé.

"Bàbá àwọn ọmọ, mo sọ ọ́ lónìí."

"Kí lo sọ?"

"Pé mẹ́ta ló kù sí wa lọ́wọ́."

Ọkùnrin náà ti ẹ̀rọ omi pa. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, omi ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. "Èmi ò tíì lè sọ ọ́," ó ní.

"Mi ò ní kẹ́ ẹ sọ ọ́." Ó jókòó tì í.

Ọkùnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "O rántí ọjọ́ tí ọmọ yẹn da ọ̀dà pupa sínú funfun mi? Ó ní òun ń bá mi ṣiṣẹ́."

"Ẹ fẹ́ nà án, ẹ̀rín ò jẹ́ kẹ́ ẹ lè nà án."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, omijé sì bá ẹ̀rín náà wá. Àwọn ọmọ gbọ́ wọn nínú ilé, wọ́n jáde wá wò wọ́n. Èyí àgbà béèrè pé ọ̀rọ̀ ta ni wọ́n ń sọ, bàbá wọn sì pe orúkọ ọmọbìnrin náà. Àwọn ọmọ wo ara wọn lójú. Lẹ́yìn náà, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá àwọn òbí wọn, èyí àárín sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èyí tí òun náà rántí.