Sìróò Ọ̀pẹ Tí Wọ́n Pè Ní Ọtí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nídìí ìkòkò kan fún yín. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi ò tíì rọ̀.

Télọ̀ ni mí, ní Bantè níbí. Opó ni mí pẹ̀lú, Ràlíyà sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi. Ẹni tó bá mọ ìdí máṣíìnì mi, lẹ́bàá mọ́sálásí kékeré àdúgbò wa, á mọ̀ pé n kì í wá wàhálà. Mo ń ránṣọ, mo ń kírun, mo sì ń bá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àsáláátù se oúnjẹ ìṣínu nígbà ààwẹ̀. Ó parí.

Ràlíyà ló fi fídíò kan hàn mí lórí pọ́tábù rẹ̀. Àwọn òyìnbó kan ni, ní ilẹ̀ tó tutù bí inú fìríìjì. Wọ́n lu ihò sára igi kan tí wọ́n ń pè ní érábù, omi ń kán tó-tó-tó sínú korobá. Wọ́n gbé omi náà kaná, wọ́n sè é títí, ó di sìróò pupa tó ń fà bí oyin!

Mo ní, "Omi inú igi lásán nìyẹn?"

Ràlíyà ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Érábù ò sí ní Bantè, ṣùgbọ́n kí ló ṣe ọ̀pẹ? Kí omi ọ̀pẹ tó di ẹmu, ṣebí omi dídùn ni? Ààwẹ̀ ń bọ̀, kókò gbígbóná, ìyẹn ẹ̀kọ mímu, la máa ń mu nígbà ìṣínu. Bí mo bá rí sìróò ti ara mi dà sí i, ẹ wo adùn! Ohun mìíràn tún wà ńbẹ̀. Ọmọkùnrin kan láti Savalou ti ń fẹ́ Ràlíyà, ìyá rẹ̀ sì ti ránṣẹ́ pé òun máa wá mọ ilé wa. Mo ti ń fojú inú rí ara mi tí mò ń gbé ìgò sìróò fún àna mi.

Àmọ́ Mùsùlùmí ni mí, n ò sì fẹ́ fẹsẹ̀ kọ. Mo kọ́kọ́ lọ bá àfáà àdúgbò wa nílé rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé pé omi ọ̀pẹ ni mo fẹ́ sè. Ó bi mí bóyá màá jẹ́ kó kan. Mo ní rárá o, àárọ̀ tó bá jáde lára igi náà ni màá gbé e kaná. Ó ní bí kò bá ti lè pa èèyàn bí ọtí, kò sí ohun tó burú ńbẹ̀, bí ìgbà téèyàn mu omi ìrèké ló rí. Ó tún ṣe àdúà fún mi. Èmi àti òun nìkan la wà ní pálọ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo gun zém, ọ̀kadà tiwa, lọ sí Atokoligbé, mo lọ bá Bàbá Kòfí tó ń dá ẹmu. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni bàbá yìí, kì í fẹnu kan ọtí. Òun fúnra rẹ̀ kò mu ẹmu tó ń dá rí! Nígbà tí mo sọ ohun tí mo fẹ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

Ó ní, "Ìyá Ràlíyà, gbogbo ayé ń wá bó ṣe máa kan, ìwọ ń wá bí kò ṣe ní kan!"

Ó bá mi dé oko tí bàbá mi fi sílẹ̀ lọ́nà Bobè. Ẹ gbọ́, tiwa ò dà bíi ti òyìnbó. Igi tiwọn á dúró, wọ́n á tún padà síbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ọ̀pẹ lọ́dọ̀ wa níbí, a ní láti gé e lulẹ̀ kó tó fún wa lómi. Nígbà tí ọ̀pẹ yẹn wó, àyà mi já díẹ̀. Bàbá Kòfí gbẹ́ ihò sí ọ̀nà orí rẹ̀, ó ki ọ̀pá kékeré bọ̀ ọ́, ó gbé bidọ́ọ̀n oníke sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ fetí sí àṣìṣe mi. Bidọ́ọ̀n tí wọ́n ti fi gbé ẹmu rí ni mo lò. Mo tún jẹ́ kí oníbàárà kan dá mi dúró, ó di ọ̀sán kí n tó dáná. Háà! Omi náà ti ń hó fúnra rẹ̀ kó tó rí iná rárá. Bó ṣe gbóná báyìí, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá. Òórùn kíkan, bíi ti ilé ọtí gan-an! Mo sáré gbé e, mo dà á nù sẹ́yìn ilé.

Tantí Sàlámátù yọjú. Òun ló ń ta aṣọ níwájú ilé wa, òun náà sì ni olórí àwa obìnrin àsáláátù. Ó bi mí ohun tí mò ń sè. Mo ṣàlàyé fún un, mo tiẹ̀ ń fi ara mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Hẹ́ẹ̀n." Ó padà sídìí aṣọ rẹ̀.

Bàbá Kòfí ní kí n ra bidọ́ọ̀n tuntun, kí n fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí n sì máa tètè wá gbé omi náà láàárọ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkòkò ẹlẹ́nu gbòòrò ni mo lò. Mo ń fi síbí kó ìfófòó rẹ̀ dànù, mo ń rò ó, èéfín ń fi mí lójú. Ó funfun lákọ̀ọ́kọ́, ó wá pọ́n bíi tíì, ó tún pọ́n sí i. Níbi tó ti kù díẹ̀ lèèyàn gbọ́dọ̀ fa igi kúrò nínú iná, torí ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló fi máa ń jóná. Mo kán an sórí àwo tútù, kò ṣàn. Ó dúró! Gbogbo omi rẹpẹtẹ yẹn, ìgò díẹ̀ báyìí ló dà. Ràlíyà tọ́ ọ wò, ó dijú, ó ní, "Màmá, ẹ máa ta èyí dé Cotonou."

Mo gbé ìgò kan fún Tantí Sàlámátù. Ó fìka kàn án, ó lá a, ó ní ó dùn, ó kí mi, ó gbé e lọ.

Ǹjẹ́ mo mọ̀ pé ó ti ń sọ̀rọ̀ mi láìdáa kiri? Mi ò mọ̀. Mo kàn rí i pé àwọn obìnrin ò dáhùn ìkíni mi dáadáa mọ́. Lọ́jọ́ tá a jọ fẹ́ dáná ìsọmọlórúkọ kan kí ààwẹ̀ tó wọlé, ẹnì kan rọra gba ìgbakọ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n lọ sinmi. Sinmi kẹ̀? Mi ò tíì ṣe nǹkan kan tó rẹ̀ mí! Aládùúgbò kan ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó sọ fún mi pé wọ́n ní sódábì, ògógóró tí wọ́n ń fi ẹmu ṣe, ni mò ń sè nílé, pé mò ń fi aṣọ rírán bojú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyá ọmọkùnrin Savalou dé pẹ̀lú àbúrò rẹ̀. Mo gbé omi fún wọn, wọn ò mu. Wọ́n yíjú síra wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè Mahi. Wọn ò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ní Savalou ni mo dàgbà sí. Èyí àbúrò ń béèrè bóyá ìkòkò tó wà lẹ́yìn ilé yẹn ni wọ́n fi ń sè é. Èyí ẹ̀gbọ́n ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan nílé náà.

Mo fi Mahi dá wọn lóhùn. Ojú tì wọ́n díẹ̀. Mo gbé sìróò àti síbí jáde, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n tọ́ ọ wò fúnra wọn. Ìyá náà fi ìborùn bo imú. Ó ní ẹni tí òun gbẹ́kẹ̀ lé ní Bantè ló sọ fún òun.

Mo ní kò burú, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ àfáà, òun ló fún mi láṣẹ. Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí mò ń lọ, ẹ má parọ́ fún mi, ṣé ọkàn tiyín ò ní balẹ̀?

A bá àfáà níwájú mọ́sálásí. Tantí Sàlámátù wà ńbẹ̀, àti àwọn obìnrin mìíràn. Owó Tantí yìí ni wọ́n fi kan òrùlé tuntun sí mọ́sálásí náà. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ sọ fún mi nípa omi ọ̀pẹ."

Àfáà wo Tantí Sàlámátù. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ìyá Ràlíyà, mo rántí pé ẹ wá bi mí nípa omi ìrèké."

Omi ìrèké!

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ìyá ọmọkùnrin náà tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó kí àfáà, òun àti àbúrò rẹ̀ wá ọ̀kadà, wọ́n lọ. Wọn ò padà wá mọ́. Ọmọkùnrin náà pe Ràlíyà lẹ́ẹ̀kan, ó ní kó ṣe sùúrù. Lẹ́yìn ìyẹn, ìpè rẹ̀ ò wọlé mọ́. A gbọ́ pé ó ti gbé ọmọ ará Tchetti kan níyàwó.

Bàbá Kòfí gbọ́, ó gun kẹ̀kẹ́ láti Atokoligbé wá, nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó ní òun ṣe tán láti jẹ́rìí níbikíbi. Ta ló fẹ́ gbọ́ ẹ̀rí adẹ́mu? Ó jókòó tì mí títí oòrùn fi rọ̀, ó padà sílé.

Ràlíyà lọ ṣiṣẹ́ irun dídì ní Cotonou. Ó ní, "Màmá, mi ò bínú sí yín." Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n sin òun dé ibùdókọ̀. Tó bá pè mí báyìí, a máa ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ àti ti ọjà.

Ẹ tún wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ìyàwó àfáà gba ẹ̀yìn ilé wọlé wá bá mi. Ó ní ikọ́ ń da àfáà láàmú, pé ó ní kí n bun òun ní díẹ̀ nínú sìróò ọ̀pẹ yẹn. Sìróò ọ̀pẹ! Ó ti wá rántí orúkọ rẹ̀!

Ìgò kan ṣì wà lórí pẹpẹ mi. Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó. Mo ní kó bá mi kí i, kó sọ fún un pé kó wá gbà á fúnra rẹ̀, kó gba iwájú ilé wọlé, nígbà tí àwọn obìnrin bá jókòó síta, kó sì dárúkọ ohun tó fẹ́ sókè.

Kò wá. Ìgò náà ṣì wà ńbẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé o. Bí ẹ bá fẹ́ dáwọ́ lé nǹkan tuntun, tí àgbà kan fún yín láṣẹ ní pálọ̀ rẹ̀, ẹ má torí ìtìjú dákẹ́. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó tún un sọ lójú àwọn èèyàn kẹ́ ẹ tó dáná. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mi ló sì jìyà rẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹnì kan tó mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ yín ti sẹ́ yín rí lójú àwọn èèyàn? Kí lẹ wá ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, bó ti wù kó gùn tó. Èmi á kà á, màá sì gbà yín gbọ́.