Ògiri tí Bùrọ̀dá Pa Rẹ́

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ Bùrọ̀dá. Bùrọ̀dá ni gbogbo ènìyàn ń pè é lọ́fíìsì, títí kan àwọn tó dàgbà jù ú lọ, torí bí o bá pè é ní nǹkan mìíràn, kò ní dá ọ lóhùn. Ọ́fíìsì ọ̀hún kò ju yàrá iwájú ilé bàbá wọn lọ. Ó gbé tábìlì ńlá síbẹ̀, ó sì kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà pé wọ́n ń ya àwòrán ilé. Kò purọ́, wọ́n ń yà á. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń yà á. Ti Bùrọ̀dá ni kó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó le bí pátákó, kó jókòó, kó máa gba ìkíni.

Àbúrò yìí mọ iṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ilé onígi ló yàn láàyò. Ẹlòmíràn tó bá fẹ́ ya ògiri onígi lórí kọ̀ǹpútà, á fa ìlà gbọọrọ, á kùn ún láwọ̀ igi, ó parí. Òun ní tirẹ̀ á to inú ògiri náà: igi tó dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀, àwọn òpó tó dúró lé e lórí, igi òkè tó dè wọ́n pọ̀, àtẹ́rígbà lórí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kó tó wá fi pátákó bo gbogbo rẹ̀. Bó bá ṣí pátákó kúrò, ẹ ó rí egungun ilé náà bí ìgbà tí wọ́n ya fọ́tò ìhà ènìyàn nílé ìwòsàn.

Bùrọ̀dá kì í wo egungun. "Fi pátákó bò ó jàre," ni á wí. "Ta ló fẹ́ máa wo ìyẹn?"

Tọkọtaya kan wá gbéṣẹ́ fún wọn, ilé onígi tó ní òkè. Ọkọ ń ta páìpù omi. Ìyàwó mọ ohun tó fẹ́, àfi pé ohun tó fẹ́ kì í dúró sójú kan. Nígbà tí àwòrán parí, tí wọ́n wá wò ó, Bùrọ̀dá ní kí àbúrò òun dìde lórí àga, òun fúnra òun lòun máa fi hàn wọ́n.

Ìyàwó na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà. "Ògiri àárín yìí ńkọ́? Ṣé dandan ni? Mo fẹ́ kí pálọ̀ fẹ̀."

"Dandan kẹ̀? Ògiri lásán." Bùrọ̀dá tẹ̀ ẹ́, ó pa á rẹ́.

Ògiri náà ló gbé yàrá òkè dúró. Yàrá òkè wà níbẹ̀ síbẹ̀, ó lé téńté lójú òfuurufú, tòun ti bẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀.

"Ẹ rí i?" ni Bùrọ̀dá wí. "Kò wó."

"Bùrọ̀dá, nǹkan kì í wó nínú kọ̀ǹpútà," ni àbúrò rẹ̀ sọ. "Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé igi wúwo."

"Má dá sí ọ̀rọ̀ mi níwájú kọsítọ́mà."

Ọkọ ń mi orí bí aláǹgbá. Ó ní ilé ìgbàlódé nìyẹn. Inú ìyàwó rẹ̀ dùn, ó tún tọ́ka sí ògiri mìíràn, Bùrọ̀dá tún pa á rẹ́. Òmùgọ̀ kì í rìn ní òun nìkan. Nígbà tí wọ́n fi máa lọ, ilé náà ti ṣófo nínú bí àgbá, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ wá ibi tó o máa fi igi sí," ni Bùrọ̀dá wí lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán.

"Mi ò wá nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ pa á rẹ́. Ẹ fi ránṣẹ́ síjọba bẹ́ẹ̀."

Bùrọ̀dá sì fi ránṣẹ́ lóòótọ́, ó buwọ́ lù ú gàdàgbà. Obìnrin tó ń yẹ àwòrán ilé wò fún ìjọba ránṣẹ́ pè é.

"Ọ̀gá, kí ló gbé òkè yìí dúró?"

"Ọgbọ́n ni, mà."

Obìnrin náà ká ìwé, ó tì í padà sí i. "Ẹ gbé ọgbọ́n yẹn lọ sílé, kẹ́ ẹ lọ gbé igi wá."

Bí ẹ bá rò pé ojú tì í, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ó sọ fún tọkọtaya náà pé àwọn ará ìjọba kì í fẹ́ ohun tó dára, wọ́n ti fipá mú òun dá ògiri padà. Wọ́n bá a kẹ́dùn. Ó wá bá àbúrò rẹ̀ pé kó tún un ṣe. Àbúrò ti fi àwòrán tòótọ́ pamọ́, ó gbé e fún un. Lẹ́yìn náà ó tú wáyà kọ̀ǹpútà tó fi owó ara rẹ̀ rà, ó gbé e mọ́ àyà, ó sì jáde.

Wọ́n kọ́ ilé náà bí àbúrò ṣe yà á. Títí dòní, tọkọtaya yẹn ń ròyìn fún àlejò bí Bùrọ̀dá ṣe jìyà lórí ilé àwọn.

Àbúrò Bùrọ̀dá ti gba yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà báyìí. Ìyá wọn gun àtẹ̀gùn lọ bá a níbẹ̀.

"Ọmọ ìyá rẹ ni. Ó ti ra kọ̀ǹpútà tó fẹ̀ ju tìrẹ lọ, kò rẹ́ni lò ó. Padà síbẹ̀."

"Màámi, bó bá fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ ní kó máa fi ṣe dígí."

"Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ lò ń sọ̀rọ̀ sí bẹ́ẹ̀?"

"Mo mọ̀, mà. Ẹ̀yin lẹ bí i, èmi kọ́."

Ìyá gbìyànjú láti le ojú, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó. Ọmọ rẹ̀ yíjú padà sí fèrèsé tó ń yà. Ìbínú ti tán nínú rẹ̀ tipẹ́. Ohun tó kù, ẹ̀gàn ni, ìyẹn kì í sì í dí i lọ́wọ́ iṣẹ́.